Ilẹ̀kùn Yunifásítì àti Àwa Mùsùlùmí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi ìmọ̀ gbé ọmọ ènìyàn ga. Ní gbogbo ìgbà tí èsì ìdánwò JAMB bá jáde, bí wọ́n ti ń dúpẹ́ nínú ilé kan ni wọ́n ń sunkún nínú èkejì. Àwọn òbí mìíràn a máa sọ pé ayé ló bàjẹ́, pé láyé àtijọ́, ẹni tó bá ti mọ̀wé ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. A fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ bí ẹ ó ṣe rìn ín.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn bàbá wa

Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ilé-ìwé wà níbẹ̀rẹ̀. Bàbá tó bá fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ mọ̀ pé ọmọ náà lè yí orúkọ àti ẹ̀sìn padà kí ó tó jáde. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀pọ̀ fi fi ọmọ tiwọn mọ sí ilé kéú. Wọn kò kórìíra ìmọ̀. Ìgbàgbọ́ ọmọ wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Ní ọdún 1894 tí wọ́n ṣí mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, Abdullah Quilliam, Mùsùlùmí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti Liverpool tó ṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, rọ àwọn ènìyàn wa pé kí wọ́n kọ́ ọmọ wọn ní ẹ̀kọ́ ìgbàlódé láì fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Ní 1896 ìjọba ṣí ilé-ìwé Mùsùlùmí kan ní Èkó. Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì tẹ̀lé e. Ní 1923 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara wọn kọ́ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti ṣíwájú wa ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Tóóró ni ilẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀

Nígbà tí wọ́n ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga ti Yábàá ní 1934, iye àyè tó ṣófo nínú iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n fi ń díwọ̀n iye ọmọ tí wọ́n ń gbà. Ọmọ lè mọ̀wé dáadáa kí ó má rí àyè. Ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ kò sì tó dìgírì. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó fi ẹ̀hónú hàn lórí èyí, nínú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ti jáde. Ní 1948, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré. Òun nìkan ṣoṣo ni irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà nígbà náà. Ta ló wá lè sọ pé wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n ń wọlé?

Ní 1954, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ MSS sílẹ̀ ní Èkó, kí ọmọ má baà torí ìwé sọ ẹ̀sìn nù. Lateef Adegbite, akẹ́kọ̀ọ́ King's College, ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ní ọdún kejì, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ tálákà àti ọmọ alùfáà kún ilé-ìwé. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí dàgbà, yunifásítì ni wọ́n dojú kọ.

Bí JAMB ṣe dé

Yunifásítì ti di 13 ní 1977. Oníkálukú ló ń gba ọmọ tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọmọ kan lè gba àyè mẹ́ta nígbà tí ẹlòmíràn kò rí ẹyọ kan. Èyí ló mú kí ìjọba dá JAMB sílẹ̀ ní 1978. Lẹ́yìn náà ni ètò ìpín dé: ìdá 45 nínú 100 fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ará agbègbè yunifásítì náà, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Ọmọ tí kò bá sí nínú ìpín méjì tó kẹ́yìn, máàkì rẹ̀ nìkan ni yóò jà fún un. Láti 2005 ni yunifásítì tún ti ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn lẹ́yìn JAMB. Ní 2024 àti 2025, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ súnmọ́ mílíọ̀nù 2.

Àwọn Mùsùlùmí kò káwọ́ gbera. Crescent ní Abẹ́òkúta àti Al-Hikmah ní Ìlọrin gba ìwé àṣẹ ní 2005, Fountain ti NASFAT ní Òṣogbo ní 2007, Summit ti Ansar-Ud-Deen ní Ọ̀fà ní 2015. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé jẹ́ ilẹ̀kùn kejì fún tálákà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé kéú

Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní Lárúbáwá máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: pé ọmọ kéú kò lè dé yunifásítì. Ẹ wo Ishaq Oloyede. Markaz Àgége, tí Sheikh Adam al-Ilori dá sílẹ̀, ló ti kàwé. Ó gba sátífíkéètì Lárúbáwá ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1976, ó gba dìgírì onípò kìíní nínú Lárúbáwá ní Ìlọrin ní 1981, ó di ọ̀gá àgbà yunifásítì náà ní 2007, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀gá JAMB ní 2016. Kéú kò dí i lọ́wọ́. Kéú ló fi wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ṣeré, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣubú.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan kù. Owó tí ẹ ń san fún ẹni tí yóò bá ọmọ yín jókòó ṣe ìdánwò, ẹ̀tàn ni. Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) kọ ẹ̀tàn fún wa. Àwọn bàbá wa kọ ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn sọ ìgbàgbọ́ nù níbẹ̀. Bí àwa bá wá kọ́ ọmọ ní òjóró kí ó lè wọlé, kí la ṣọ́? Ọmọ tí kò wọlé lọ́dún yìí lè tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ tó ti gbà pé irọ́ ló ń ṣí ilẹ̀kùn, àtúnṣe tirẹ̀ ṣòro.

Kí Ọlọ́hun ṣí ilẹ̀kùn rere fún àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fi ìmọ̀ tó ní àǹfààní kẹ́ wọn. Àmín.