Àkàbà Ìdènà: Ẹnubodè Tí Ó Ṣọ́ Wa, Tí Ó Kù Kí Àwa Náà Ṣọ́

  Àwọn baba wa ní ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí ni àdúgbò tí a bí mi sí, tí mo sì ń gbé títí irun orí mi fi funfun: àdúgbò Àkàbà Ìdènà, ní ẹnubodè ìlú Kétu.

Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù ní àdúgbò wa yóò gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ kí ó tó gbọ́ ìró ọkọ̀. Àwọn obìnrin ń gbá ojúde, ẹ̀kọ ń hó lórí iná, àwọn ọmọ iléèwé sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè kọjá nínú aṣọ kákí wọn. Àwọn ọlọ́kadà, tí gbogbo ilẹ̀ Benin ń pè ní zémidjan, a máa dẹ ìrìn wọn bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tí ó jókòó sábẹ́ òjìji ògiri, wọn a sì kí wọn kí wọ́n tó kọjá. Ẹnu àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn, kí n tó mọ ìwé kà ní èdè Faransé. Ìtàn Kétu kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi nígbà náà. Ara ògiri ni a ti ń kà á.

Àlejò tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ògiri yìí ni yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ bà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó nípọn, inú rẹ̀ sì tutù bí ó ti wù kí oòrùn mú tó. Kì í ṣe ojú ọ̀nà kan ṣoṣo bí ẹnu ilé lásán. Ẹni tí ó bá gba ẹnu ìta wọlé yóò bá ara rẹ̀ ní àárín ògiri, kí ó tó kan ẹnu kejì tí ó wọ inú ìlú. Ọ̀tá tí ó bá já ti àkọ́kọ́ kò tíì wọ Kétu. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ojú àwọn tí ń dúró dè é ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ibẹ̀ ní Ìdènà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yàrà wà, kòtò jíjìn tí wọ́n wà yí ìlú ká. Erùpẹ̀ tí wọ́n ń kó jáde nínú yàrà náà ni wọ́n fi ń mọ odi, débi pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó bí ààbò méjì.

Ṣùgbọ́n ìlú ti wà kí odi tó wà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ fún wa pé Ṣóìpàṣán ni ó kó àwọn baba ńlá wa jáde láti Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n rìn, wọ́n dúró, wọ́n tún rìn, títí wọ́n fi tẹ̀dó sí Aro, níbi tí ọ̀pọ̀ ọba ti jẹ. Edé, ẹni keje nínú àwọn ọba náà, ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ibi tí Kétu wà lónìí, ọdẹ kan tí ń jẹ́ Alalumọn ni ó sì mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò bá ilẹ̀ náà lófìfo. Obìnrin arúgbó kan wà níbẹ̀, ará Fọ̀n, tí a ń pè ní Yá Mẹpẹrẹ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Edé ti tọrọ iná. Láti ìgbà náà wá ni ó ti di àṣà pé, bí ọba bá wàjà, a ó pa gbogbo iná tí ó wà ní Kétu, kí a tó tún mú iná tuntun wá láti ilé Yá Mẹpẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i dáadáa. Ìjọba wa, tí a ń fi ṣe ìgbéraga, ọwọ́ obìnrin tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa ni ó ti gba iná tí ó fi ń dáná. Ẹni tí ó bá ń sọ pé Kétu kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀, kò tíì gbọ́ ìtàn Kétu dé orí.

Apá kan wà nínú ìtàn ẹnubodè wa tí àwọn àgbà kì í sọ ní ohùn òkè. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń tẹ ìlú dó, abuké kan, tí ó jẹ́ ahunṣọ, ni wọ́n fi ṣe ètùtù sí ẹnubodè náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ ìlú ti wá: bí kò ti sí ẹni tí ó lè tú iké ẹ̀yìn abuké, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò lè tú ìlú yìí. Ní ìgbà èwe mi, orúkọ náà nìkan ni ó máa ń wú mi lórí. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, ahunṣọ náà ni mo máa ń rò. Ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí aṣọ tí kò tíì hun tán wà lórí òfì rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá ń gbé ìdí Àkàbà kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ẹ̀mí ènìyàn wà lábẹ́ ìtàn náà. Bí mo bá ń kọjá ní alẹ́, mo máa ń kí i nínú ọkàn mi.

Odi fúnra rẹ̀, ọba mìíràn ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Sà ni orúkọ rẹ̀, ọba kẹrìnlá gẹ́gẹ́ bí àwọn onítàn ti kà á. Àwọn àgbà sọ pé òmìrán méjì, Ajibodu àti Oluwodu, ni wọ́n bá a ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọdé àdúgbò wa kò sí tí kò tíì wá àtẹ̀lẹ́sẹ̀ àwọn òmìrán náà nínú yàrà. Èmi náà wá a. Lójú tèmi, òmìrán tòótọ́ ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tí a kò mọ orúkọ wọn, tí wọ́n gbé erùpẹ̀ lórí títí odi fi ga.

Lórí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni oyè Alákétu dúró. Ìdílé márùn-ún ni ó ń jọba ní Kétu: Alápìíní, Magbo, Aro, Mẹsa àti Mẹfu. Bí oyè bá ti kúrò ní ilé kan, ilé mìíràn ni ó kàn. Bí ó ti wù kí ilé kan lágbára tó, kò lè sọ adé di ti ara rẹ̀ nìkan. Mo rò pé ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú ọ̀ràn odi: kò sí ilé kan tí ó dá a mọ, kò sì sí ilé tí ó lè dá a ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tí ó dùn wá. Ogun Dàhòmì, ní ayé ọba Glèlè, dé bá Kétu ní ọdún 1883, nínú ogun náà sì ni Alákétu Ojẹku bọ́. Ní ọdún 1886, wọ́n padà wá, wọ́n sì dó ti ìlú. Kétu wà lórí òkè pẹrẹsẹ tí omi ti ṣọ̀wọ́n. Ìlú tí a bá sé mọ́ irú ibẹ̀, ebi àti òùngbẹ ni yóò kọ́kọ́ bá a jà. Ohun tí àwọn àgbà àdúgbò wa tẹnu mọ́ ni pé odi kò wó, ẹnubodè kò sì já. Ebi àti ẹ̀tàn ni ó ṣí ìlú sílẹ̀. Wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa ní ìgbèkùn lọ sí Àgbómẹ̀.

Ìyá bàbá mi sọ fún mi pé ìyá tirẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ, nígbà tí kò tíì mọ̀ ju kí ó gbé igbá omi kékeré lọ. Ó dàgbà sí oko ẹlòmíràn. Ó kọ́ èdè Fọ̀n, kò sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi kú. Bí inú bá bí i, èdè náà ni ó máa ń fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, tí ọ̀nà sì là fún àwọn ìgbèkùn, ó wà lára àwọn tí ó padà wálé. Ní ọdún 1894 ni Kétu tún dìde, tí Onyẹgẹn sì gorí ìtẹ́ Alákétu. Ọdún mẹ́jọ ni ìlú fi wà láìní ẹni tí yóò gbá ojúde rẹ̀. Ìyá náà a máa sọ pé igbó ti bo ilé, kò sí ẹni tí ó dá ojúlé rẹ̀ mọ̀. Ẹnubodè ni wọ́n dá mọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀: ọ̀tún, òsì, ibí ni ilé baba mi, ibẹ̀yẹn ni igi tí a ń ṣeré sí. Nínú gbogbo ìtàn tí mo gbọ́ ní àdúgbò yìí, kò sí èyí tí ó fi ohun tí Àkàbà wà fún hàn mí bí ìyẹn. Ó dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá, ó sì fi ọ̀nà han ọmọ tí ó sọnù.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó rí ọ̀nà náà padà. Kí ogun yẹn tó dé rárá ni òwò ẹrú ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Kétu sọdá òkun. Ní ìlú Salvador, ní Bàhíà ti ilẹ̀ Bràsíl, Kétu ni orúkọ tí àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ń pe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ẹ̀sìn wọn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ. Ilé òrìṣà kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Alaketu, tí àwọn tí ó ni í sì ń sọ pé ìdílé Aro ni àwọn ti ṣẹ̀. Ààlà tí àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ẹnu kò sí ní ọdún 1889 tún pín ilẹ̀ Alákétu sí méjì. Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá tí ó di Nàìjíríà, àwa sì bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Síbẹ̀, bí eégún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, ẹni tí ó wá láti Ìmẹ̀kọ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gbe orin. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ni UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2001. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ti ń gbe orin náà kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Mo fẹ́ fi ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa parí ọ̀rọ̀ mi, bí ó tilẹ̀ ń tì mí lójú. Àbúrò mi kan, tí ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnù, wá sílé ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó fẹ́ di apá yàrà tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀ wa, kí ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta síbẹ̀. Mo yarí. Mo pè é jókòó, mo sì ka ìtàn fún un láti Ifẹ̀ dé Àgbómẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń da pàǹtí sínú yàrà náà láràárọ̀? Èmi ń gbé Kútọnù. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ni ẹ ti ń dí i láti ọjọ́ yìí wá. Ìyókù ni mo ní kí n bá yín dí.”

N kò rí èsì fọ̀. Òtítọ́ ni ó sọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ibẹ̀ ni ilé wa ń kó eérú, èèpo iṣu àti àpò ọ̀rá lọ. Ohun tí ogun Glèlè kò lè dí, apẹ̀rẹ̀ pàǹtí ń dí i díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ wa sì ni apẹ̀rẹ̀ náà wà.

A pe ẹbí jọ. Ọ̀rọ̀ náà gba ọjọ́ mẹ́ta. Àbúrò mi sún ìpìlẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù méjì ni ó sì kọ́ dípò mẹ́ta. Àwa tí a wà nílé gbà láti wá ibòmíràn da pàǹtí sí, a sì ko èyí tí a lè kó jáde. A kò lè kó gbogbo rẹ̀. Apá kan ti dí pátápátá. Ewúrẹ́ ń jẹko lórí rẹ̀ báyìí, ẹni tí kò mọ̀ kò ní gbà pé yàrà wà níbẹ̀ rí. Mo máa ń mú àwọn ọmọ ọmọ mi dúró síbẹ̀ kí n tó mú wọn dé ibi tí yàrà ṣì jìn, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ìyàtọ̀ méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kútọnù, ní Àjàṣẹ́, ní Èkó àti ní òkè òkun, bí ẹ bá ń bọ̀ wálé fún ọdún tàbí fún òkú, ẹ má kàn gba ojú títì kọjá lọ sí ilé yín. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Àkàbà. Ẹ mú ọmọ yín lọ́wọ́, kí ẹ gba ẹnu ìta wọ ẹnu inú, kí ẹ sì sọ fún un pé ibí ni àwọn tí ó padà láti ìgbèkùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ dé ilé wa. Ẹ bi àgbà tí ẹ bá bá níbẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ yín bá bá yàrà pààlà, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín kí ẹ tó wo ti ẹlòmíràn.

Kí adé pẹ́ lórí Alákétu, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Kí iná tí a gbà lọ́wọ́ Yá Mẹpẹrẹ má ṣe kú mọ́ wa lọ́wọ́. Kétu kò ní tú. Àṣẹ.