Ṣé Okùn Inú Eegun Ẹ̀yìn Ti Já Tán, Tàbí Ó Ṣẹ́ Kù? Ìtàn Bí Àwọn Dókítà Ṣe Ń Mọ̀

Ọ̀rọ̀ ìlera ti òní gùn díẹ̀, nítorí ìtàn ni. Ẹ rọra kà á, kí ẹ sì kà á fún àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́.

Igbà já, ẹni tó ń kọ ọ̀pẹ já lulẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ó mọ orúkọ gbogbo ẹni tó dúró tì í, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹsẹ̀. Tàbí ọ̀kadà ló gbé obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ ṣubú. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀, wọ́n ní eegun ẹ̀yìn ló ṣẹ́. Ìbéèrè tí ẹbí máa ń bi dókítà kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé yóò tún rìn?

Fọ́tò eegun nìkan kò lè dáhùn. Okùn rírọ̀ kan wà nínú ihò eegun ẹ̀yìn, kò nípọn ju ọmọńdinrín ìka lọ. Òun ló ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ rán lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, òun náà ló ń gbé ìmọ̀lára padà wá. Eegun lè ṣẹ́ kí okùn yìí má já. Okùn lè wú, ó lè fún pọ̀, ó lè já lápá kan kí apá kejì ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́ pátápátá àti ẹni tí tirẹ̀ ṣì ní okun díẹ̀ lè sùn sórí bẹ́ẹ̀dì méjì tó kángun síra, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má lè mi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Báwo ni a ṣe ń mọ èwo lèwo?

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dá àwọn oníṣègùn lágara. Ìwé ìṣègùn kan wà láti ilẹ̀ Íjíbítì, ó ti lé ní 3,500 ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́. Ó sọ nípa ẹni tí eegun ọrùn rẹ̀ yẹ̀, tí kò mọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì dájọ́ pé àìsàn tí a kì í tọ́jú ni. Ìdájọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà títí di ọdún 1944, nígbà tí Ludwig Guttmann, dókítà Júù tó sá kúrò ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn sójà tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ́ ní Stoke Mandeville, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí wọ́n máa yí aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ̀sán-tòru kí egbò ìdùbúlẹ̀ má baà jẹ ẹ́, kí wọ́n máa tọ́jú ìtọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kó jókòó lásán. Àwọn tí à bá ti sin bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ láyé. Ìgbà tí wọ́n ń pẹ́ láyé ni ó wá ṣe pàtàkì gan-an láti mọ ohun tó ṣẹ́ kù lára okùn náà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Ní Berlin lọ́dún 1870, dókítà méjì, Fritsch àti Hitzig, fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ọpọlọ ajá, ẹsẹ̀ ajá náà sì mì. Ibi tí wọ́n bá fọwọ́ kàn lápá òsì, apá ọ̀tún ara ló ń mì. Bí ayé ṣe mọ̀ nìyẹn pé ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń pàṣẹ fún iṣan.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, wọ́n dán an wò lára ènìyàn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fara balẹ̀ níbí. Mary Rafferty ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ni ní ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà. Jẹjẹrẹ ti jẹ awọ orí rẹ̀ àti eegun abẹ́ rẹ̀ títí ọpọlọ fi hàn. Dókítà Robert Bartholow ti abẹ́rẹ́ wọ inú ọpọlọ náà, ó sì fi iná sí i. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mì lódìkejì, gẹ́gẹ́ bí ti ajá. Kò dúró níbẹ̀. Ó fi kún iná náà, obìnrin náà bú sẹ́kún, gìrì gbé e, kò sì lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi kú. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a wí, òun fúnra rẹ̀ sì kọ̀wé pé òun kábàámọ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí a máa dárúkọ obìnrin yìí nígbàkígbà tí a bá ń yin ìmọ̀ tí a rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé tálákà ni, kò sì ní ẹni tó máa gbèjà rẹ̀.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọ̀nà tí kò ní ṣí orí ènìyàn tó dé. Lọ́dún 1980, Merton àti Morton ní London fi iná kọjá láti òde awọ orí, ọwọ́ sì mì. Ṣùgbọ́n ó dunni gan-an. Lọ́dún 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield lo agbára òòfà dípò rẹ̀. Wọ́n ká wáyà bí ẹni ká òṣùká, wọ́n gbé e sórí, wọ́n sì rán iná ńlá gba inú wáyà náà fún ìṣẹ́jú kékeré tí ojú kò lè rí. Ó dún "tá!" lẹ́ẹ̀kan. Agbára òòfà gba awọ àti eegun orí kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ó sì jí iná kékeré nínú ọpọlọ. Michael Faraday ti fi hàn láti 1831 pé òòfà tó ń yí padà lè bí iná mànàmáná.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń fi wọn okùn ẹ̀yìn: wọ́n á lẹ nǹkan kékeré mọ́ iṣan ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀, wáyà rẹ̀ á wọ inú ẹ̀rọ. Tí òṣùká náà bá dún lórí, ẹ̀rọ á kọ ìgbà tí iṣẹ́ náà dé iṣan àti bó ṣe tóbi tó. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ó máa ń dé ọwọ́ láàárín nǹkan bí 20 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, ti ẹsẹ̀ á sì pẹ́ díẹ̀ sí i. Tó bá pẹ́ jù, tí ó sì kéré, ọ̀nà ti bàjẹ́ ṣùgbọ́n kò tíì dí tán. Tí kò bá dé rárá, ọ̀rọ̀ le. Ohun tó ya àwọn dókítà lẹ́nu ni pé, lára àwọn kan tí kò lè mi ẹsẹ̀ rárá, irú ẹ̀rọ wíwọn báyìí rí i pé ọpọlọ ṣì ń rán nǹkan díẹ̀ gba ibi tó ṣẹ́ kọjá.

Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. Ìwọ̀n ni èyí, kì í ṣe oògùn. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú òòfà pé òun yóò mú arọ dìde ní ọjọ́ méje, owó yín ló ń wá. Ẹni tí irin wà nínú orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ẹni tó ní wárápá sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 1962 ni Latunde Odeku, ọmọ Yorùbá àti ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti Amẹ́ríkà dé sí UCH Ìbàdàn, ó sì dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó kú ní 1974, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Kò sí òṣùká òòfà nígbà tirẹ̀, kò sì wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn wa títí di òní. Ọwọ́, abẹ́rẹ́ àti òwú ni dókítà wa ń lò, ó sì wúlò gidi. Ó fi òwú kan awọ, ó fi orí abẹ́rẹ́ gún un díẹ̀, ó ní kí aláìsàn mi ìka ẹsẹ̀ ńlá, ó sì yẹ ojú ihò ìdí wò, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀lára máa ń ṣẹ́ kù sí nígbà tí gbogbo ẹsẹ̀ ti kú. Kí ojú má tì yín tí wọ́n bá fẹ́ yẹ ibẹ̀ wò. Láti Stoke Mandeville ni wọ́n ti gbé lẹ́tà márùn-ún jáde ní 1969, àwọn dókítà Amẹ́ríkà sì tún un ṣe ní 1992: A ni ẹni tí kò sí ohun tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, E ni ẹni tí ara rẹ̀ ti padà sípò. Ẹ bi dókítà pé lẹ́tà wo ni ẹni yín wà, kí ẹ sì tún bi í lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí lẹ́tà ọjọ́ àkọ́kọ́ lè yí padà.

Ẹni tó já lórí ọ̀pẹ tàbí tó ṣubú lórí ọ̀kadà ńkọ́? Ẹ má ṣe fà á lápá, ẹ má sì ká a sẹ́yìn ọ̀kadà. Pákó gbọọrọ tàbí ilẹ̀kùn ni kí ẹ wá, kí ẹni mẹ́rin ó kéré tán gbé e papọ̀, kí ẹnì kan di orí mú kó wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú ara. Okùn tí kò tíì já lórí ilẹ̀ lè já lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á là.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni ti egbò ìdùbúlẹ̀ àti bí a ṣe ń yí aláìsàn lórí ẹní. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́.