Ẹ Kú Ewu Ọmọ: Ilé Ìwòsàn Sún Mọ́ Wa, Kí Ló Wá Ń Dá Wa Dúró?

Ìkíni kan ló bí ọ̀rọ̀ tòní: "Ẹ kú ewu ọmọ." Bí obìnrin bá bímọ nílẹ̀ wa, kí á tó béèrè bóyá akọ ni àbí abo, ewu la kọ́kọ́ ń kí. Àwọn àgbà mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Bàrígà ni mo dàgbà sí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ibi àkọ́kọ́ tá a gbé e dé, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá agbára àwọn, ká máa gbé e lọ síwájú. Ibi kejì, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ibi kẹta ló gbà wá. A dúpẹ́, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Nígbà tó yá ni mo wá wo ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí Google Maps. Kò sí èyí tó tó kìlómítà mẹ́wàá sí ilé wa! Tí ilé ìwòsàn bá sún mọ́ wa tó báyẹn, kí ló wá fẹ́ gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ wa? Ìbéèrè yẹn ló mú mi wọ inú ìtàn yìí.

Ká tó dé Èkó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Zaria. Lọ́dún 1985, Kelsey Harrison, dókítà ọmọ Nàìjíríà tó mọ̀ nípa aboyún, gbé iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan jáde. Ìbímọ 22,774 tó wáyé ní ilé ìwòsàn yunifásítì níbẹ̀ láàárín 1976 sí 1979 ni wọ́n yẹ̀ wò. Ìyá 238 ló kú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú oyún. Ìgbà tí ẹ̀pa fẹ́rẹ̀ẹ́ má bóró mọ́ ni wọ́n gbé wọn dé.

Lọ́dún 1985 yẹn kan náà, Allan Rosenfield àti Deborah Maine ti yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà béèrè ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé ìṣègùn The Lancet: nínú gbogbo ètò ìlera ìyá àti ọmọ tí ayé ń ṣe yìí, ìyá dà? Wọ́n rí i pé ọmọ ni ètò náà ń wò jù, ìyá ti bọ́ sẹ́yìn. Lóṣù kejì ọdún 1987, ìpàdé àgbáyé wáyé ní Nairobi lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò pẹ́ sí i, ẹgbẹ́ olùwádìí 11 láti Nàìjíríà, Ghana àti Sierra Leone bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú Columbia: dókítà, agbẹ̀bí, àtàwọn tó ń kọ́ nípa àwùjọ.

Nígbà tó di 1994, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine tẹ ìwádìí kan jáde tó sọ pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa ìyá. Ti àkọ́kọ́ wà nílé: kí wọ́n tó pinnu pé ó yá, ká lọ. Ta ló ní owó? Ta ló láṣẹ? Ṣé wọn kì í kanra mọ́ aboyún níbẹ̀? Ìkejì wà lójú ọ̀nà. Ìkẹta wà nínú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀: ẹ ti dé, àmọ́ kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí dókítà, kò sí bẹ́ẹ̀dì.

Ó wá kan Èkó wa níbí. Dókítà Aduragbemi Banke-Thomas àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí fáìlì àwọn aboyún tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn ìjọba 24 ní ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú ìṣòro pàjáwìrì, láti November 2018 sí October 2019. Google Maps ni wọ́n fi wọn ọ̀nà tí obìnrin kọ̀ọ̀kan gbà, àti ìṣẹ́jú tó lò. Obìnrin 4,181 ni. 182 nínú wọn kú. Ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa: nínú àwọn tó kú, nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún wá tààrà láti ilé tí kò ju kìlómítà 10 lọ. Ní ti àwọn tí ilé ìwòsàn kan darí sí òmíràn, ewu ikú ti ga sí i kódà bí ìrìn náà ò bá ju ìṣẹ́jú 10 sí 29 lọ.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń kà. Máàpù mọ kìlómítà. Kò mọ wákàtí tá a fi jókòó sílé tá à ń dúró de ọkọ rẹ̀, kò sì mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti dá wa padà. Ẹni tó bá ń gbé Ṣómólú mọ̀ pé ọ̀nà kúkúrú aago mẹ́ta òru máa ń di ọ̀nà jíjìn tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀ bá dé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fáwọn olùwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀. Yunifásítì Èkó wà ní Akọka, ẹ̀gbẹ́ Bàrígà níhìn-ín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ nípa ìlera ìyá níbẹ̀, fáìlì eléruku àti ìbéèrè kéékèèké ni iṣẹ́ yín: aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀? Ta ló gbé e? Ibo lẹ kọ́kọ́ yà? Tí ẹnì kankan ò bá kọ wákàtí yẹn sílẹ̀, "àmúwá Ọlọ́run" ni wọ́n máa pe ikú tó yẹ ká dènà.

Ẹ̀yin tó kù, tí aboyún bá wà nílé yín, ẹ fẹnu kò lónìí: ilé ìwòsàn wo ló ní dókítà lóru? Ta ló máa wa mọ́tò? Tí ọkọ ò bá sí nílé, ta ló máa sọ pé ó yá? Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín.

Ó tún dìgbà kan ná. Gbogbo abiyamọ tó ń gbọ́ wa, ẹ kú ewu ọmọ.