Ìdí Tí Àwọn Òbí Kan Fi Ń Kọ́ Ọmọ Wọn Nílé Dípò Ilé-Ẹ̀kọ́

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sí òbí Yorùbá kan tí yóò jiyàn pé ilé ni ẹ̀kọ́ ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òbí kan bá wí pé òun kò ní rán ọmọ òun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rárá, pé inú ilé ni ọmọ náà yóò ti kọ́ ìwé kíkà, ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ náà a máa ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Àwọn kan a ní ó fẹ́ ba ayé ọmọ rẹ̀ jẹ́. Àwọn mìíràn a sì máa yìn ín gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ka ọmọ rẹ̀ sí ju ohun gbogbo lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ìjọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń tọ́ ọmọ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òfin ti fàyè gba ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹbí wọn tí ó wà nílé náà sì ń gbọ́ nípa rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe to àlàyé yìí jọ, kí òbí àti àlùfáà lè mọ ìdí tí àwọn kan fi ń yàn án, ewu tí ó wà nínú rẹ̀, àti ibi tí òfin dúró sí.

Ohun tí ó jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe

Nínú èdè wa, ẹ̀kọ́ ilé túmọ̀ sí ìwà ọmọlúàbí: ìkíni, ọ̀wọ̀ fún àgbà, òtítọ́ àti sùúrù. Ohun tí a ń sọ níhìn-ín yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìkẹ́kọ̀ọ́ nílé ni pé kí òbí fúnra rẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́ ṣe, kí ó máa kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ń kọ́ nínú kíláàsì, tàbí kí ó wá ẹni tí yóò kọ́ ọ lábẹ́ àbójútó òbí. Kì í ṣe lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ tí a fi ń kún ẹ̀kọ́ ilé-ìwé. Kì í sì í ṣe fífi ọmọ sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù tàbí láti máa kiri ọjà. Ọmọ tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí a kò sì kọ́ nílé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni a fi dù ú.

Ọ̀nà tí àwọn òbí ń gbà ṣe é pọ̀. Àwọn kan a ra ìwé àti ìlànà ẹ̀kọ́ tí a ti tò ní ipele-ipele, wọn a sì máa tẹ̀lé aago bí ilé-ẹ̀kọ́ gan-an. Àwọn mìíràn a jẹ́ kí ohun tí ọmọ nífẹ̀ẹ́ sí máa darí ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ a sì kó ara wọn jọ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nígbà púpọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìjọ, kí ẹni tí ó mọ ìṣirò lè kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìṣirò, kí ẹni tí ó mọ orin sì kọ́ wọn ní orin. Láti ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti gbilẹ̀, ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà ti kún un.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Amẹ́ríkà ni ètò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ, ibẹ̀ ni a ó sì ti mú àpẹẹrẹ wa. Ní ọdún 1852, ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣe òfin pé dandan ni kí àwọn ọmọdé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ń tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, títí Mississippi fi ṣe tirẹ̀ ní 1918. Láti ìgbà náà, òbí tí ó bá di ọmọ mú sílé lè rí ara rẹ̀ níwájú adájọ́.

Ìdájọ́ méjì láti Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ni àwọn òbí máa ń tọ́ka sí. Ní 1925, ilé-ẹjọ́ náà fagi lé òfin ìpínlẹ̀ Oregon tí ó fẹ́ kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan. Ó ní òbí ní ẹ̀tọ́ láti darí ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Ní 1972, ó gbà fún àwọn ará ìjọ Amish ní Wisconsin pé kí wọ́n má ṣe rán ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ lẹ́yìn kíláàsì kẹjọ, nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Kò sí èyí tí ó dárúkọ ìkẹ́kọ̀ọ́ nílé nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n la ọ̀nà fún un.

Odò méjì ni ó pàdé láti di ìkẹ́kọ̀ọ́ nílé òde òní. Èkíní ti ọ̀dọ̀ John Holt wá, olùkọ́ kan tí kò fi ẹ̀sìn ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ fẹ́ tún ilé-ẹ̀kọ́ ṣe. Nígbà tí ìrètí rẹ̀ pin, ó dá ìwé ìròyìn Growing Without Schooling sílẹ̀ ní 1977 fún àwọn òbí tí ń kọ́ ọmọ nílé. Èkejì ti ọ̀dọ̀ tọkọtaya Raymond àti Dorothy Moore wá, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Adventist. Nínú ìwé wọn Better Late Than Early, tí ó jáde ní 1975, wọ́n jiyàn pé kíkó ọmọ kékeré wọ kíláàsì kí ó tó gbó ń pa á lára ju pé kí ó ràn án lọ́wọ́ lọ.

Ìjọ fi agbára kún odò kejì yìí. Ní 1962 àti 1963, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a lẹ́jọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ ṣètò àdúrà tàbí kíka Bíbélì gẹ́gẹ́ bí ìsìn fún àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ Kristẹni kà á sí pé a ti lé ìgbàgbọ́ wọn jáde. Ní 1983, agbẹjọ́rò Michael Farris àti alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ HSLDA sílẹ̀ láti gbèjà àwọn òbí ní ilé-ẹjọ́. Nígbà tí ó fi di 1993, ìkẹ́kọ̀ọ́ nílé ti bá òfin mu ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50.

Ìjọba ṣírò àwọn ọmọ tí ń kọ́ ìwé nílé sí nǹkan bí 850,000 ní 1999. Ní 2019, wọ́n tó mílíọ̀nù 1.5.

Àwọn ìdí tí àwọn òbí ń sọ

Ọ̀pọ̀ ń rò pé ẹ̀sìn nìkan ni ó ń mú òbí ṣe é. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ bi àwọn òbí wọ̀nyí léèrè ní 2019, tí olúkúlùkù sì lè mú ju ìdí kan lọ, èsì wọn rí báyìí: 80 nínú ọgọ́rùn-ún mẹ́nu kan àyíká ilé-ẹ̀kọ́, 75 mẹ́nu kan kíkọ́ ọmọ ní ìwà rere, 75 fẹ́ kí ìdílé wà pọ̀, 73 ní ẹ̀kọ́ tí ilé-ìwé ń kọ́ni kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, 59 sì fẹ́ láti kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́.

Àyíká ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kọ́kọ́ wá. Oògùn olóró, ìwà ipá àti ẹgbẹ́ búburú ni àwọn òbí ń bẹ̀rù. Ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí tí wọ́n ń lù lójoojúmọ́ kò lè fọkàn sí ìwé. Òbí tí ó ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ títí tí kò rí àtúnṣe lè pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ìwà àti ìgbàgbọ́ tẹ̀lé e. Àwọn òbí Kristẹni máa ń tọ́ka sí Deuteronomi orí kẹfà, níbi tí a ti fi ẹ̀kọ́ òfin Ọlọ́run lé òbí lọ́wọ́ nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́. Wọ́n ń bi ara wọn pé: bí ọmọ bá fi wákàtí mẹ́fà tàbí méje lójúmọ́ gba ẹ̀kọ́ tí ó tako èyí tí a ń kọ́ ọ nílé, èwo ni yóò borí? Ó yẹ kí a rántí pé àwọn Mùsùlùmí, àwọn Júù àti àwọn tí kò ní ẹ̀sìn náà wà lára àwọn tí ń kọ́ ọmọ nílé.

Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni ìdí kẹta. Nínú kíláàsì tí ọmọ 30 wà, olùkọ́ kò lè dúró de ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sáré bá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Nílé, ọmọ tí ó mọ ìṣirò lè lọ síwájú, kí ó sì fara balẹ̀ níbi ìwé kíkà tí kò tíì dán mọ́rán. Èyí ṣe pàtàkì fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ní àìlera, tàbí tí ọpọlọ ọmọ rẹ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn mú ẹ̀kọ́, tí ilé-ìwé kò sì mọ bí yóò ti ṣe é.

Ìdí kẹrin hàn gbangba ní ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà. Ilé-iṣẹ́ ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà rí i pé láti ìgbà ìrúwé sí ìgbà ìwọ́wé ọdún 2020, àwọn ilé tí ń kọ́ ọmọ nílé gòkè láti 5.4 sí 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàrin àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú, ó fò láti 3.3 sí 16.1. Kì í ṣe àrùn nìkan ni ó fà á. Cheryl Fields-Smith, ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Georgia, ti ń ṣe ìwádìí nípa àwọn ìdílé wọ̀nyí tipẹ́. Lára ohun tí àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ń sọ ni pé àwọn olùkọ́ kò retí ohun rere láti ọ̀dọ̀ ọmọ aláwọ̀ dúdú, pé ìjìyà tiwọn máa ń le jù, àti pé ìtàn àwọn baba ńlá wọn kò sí nínú ìwé àyàfi ní ti oko ẹrú. Òbí Yorùbá tí ń gbé níbẹ̀ yóò mọ ìrora yìí. Bí ó bá sì ń kọ́ ọmọ nílé, ó lè fi èdè àti ìtàn wa kún un.

Ohun tí àwọn alátakò ń sọ

Ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń bá ni tọ́ ọ. Àtakò àkọ́kọ́ dúró lórí èyí: ọmọ tí kò bá ẹgbẹ́ ṣe kò ní mọ bí a ti ń bá ènìyàn gbé. Àwọn òbí a dáhùn pé ọmọ wọn wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ eré ìdárayá àti ìjọ. Wọn a mẹ́nu kan Tim Tebow, ọmọ míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi tí ìyá rẹ̀ kọ́ nílé, ṣùgbọ́n tí òfin ìpínlẹ̀ Florida jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tí ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Heisman ní 2007. Ṣùgbọ́n irú èyí gba akitiyan òbí. Kì í ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Èkejì ni ìmọ̀ òbí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó nífẹ̀ẹ́ ọmọ ni ó lè kọ́ ọ ní kẹ́mísírì. Àwọn ìwádìí kan ní àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gba máàkì tí ó ga, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí náà jẹ́ ti ìdílé tí ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹni tí kò kọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa kò ní yọjú.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Olùkọ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí ojú ọgbẹ́ lára ọmọ. Ní January 2018, a rí àwọn ọmọ 13 nínú ilé kan ní California, tí òbí wọn ti fi ebi pa, tí wọ́n sì ti de àwọn kan nínú wọn mọ́lẹ̀. Baba wọn ti forúkọ ilé náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ àdáni. Ní 2013, àwọn àgbàlagbà tí a ti kọ́ nílé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti bèèrè fún àbójútó ìjọba; ní 2020, Elizabeth Bartholet, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní Harvard, kọ̀wé pé kí a fòfin dè é, àyàfi fún òbí tí ó bá fi ìdí tí ó yẹ hàn. Ọ̀pọ̀ òbí bínú sí i, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò ṣeé gbá sẹ́yìn: ta ni yóò mọ̀ bí nǹkan bá ń bàjẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn?

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé iye tí ó ń náni. Nígbà púpọ̀, òbí kan ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìyá ni ó sì sábà máa ń jẹ́.

Ibi tí òfin dúró sí

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní òfin tirẹ̀. Ní Texas, òbí kò ní láti fi tó ìjọba létí. Ní New York, ó gbọ́dọ̀ fi ìwé ránṣẹ́, kí ó fi ìlànà ẹ̀kọ́ hàn, kí ó ròyìn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, kí a sì dán ọmọ náà wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Òfin Ẹ̀kọ́ ti 1996 fún òbí láyè láti kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní ọ̀nà mìíràn tí ó yẹ ọjọ́ orí àti agbára rẹ̀. Jámánì kò gbà á rárá. Ilé-Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù sì gbè é lẹ́yìn ní 2006 àti 2019.

Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ó di dandan, ti ọdún 2004, sọ pé òbí gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ipele kékeré ti girama, kí ó sì parí wọn. Ẹni tí ó bá rú u yóò gba ìbáwí nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, ₦5,000 tàbí oṣù méjì, tàbí méjèèjì. Òfin náà kò ya ẹsẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún ìkẹ́kọ̀ọ́ nílé. Nítorí náà, kí òbí tí ó bá ní in lọ́kàn kọ́kọ́ kàn sí agbẹjọ́rò àti àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Lóòótọ́, àjọ WAEC ní ìdánwò fún àwọn tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní GCE, ṣùgbọ́n ìparí ẹ̀kọ́ ni ìyẹn. Kò dáhùn ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ràn fún òbí àti àlùfáà

Kí òbí bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin kí ó tó dáwọ́ lé e. Ṣé ìfẹ́ ọmọ ni ó ń tì mí, àbí ìbínú sí olùkọ́ kan? Ṣé èmi àti ẹnì kejì mi fohùn ṣọ̀kan? Ṣé mo ní àkókò, ìmọ̀ àti owó rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kì í ṣe fún oṣù mẹ́ta? Ta ni, yàtọ̀ sí èmi, tí yóò máa yẹ iṣẹ́ ọmọ yìí wò?

Kí àlùfáà tí a bá bi léèrè má ṣe sọ pé ẹni tí ó rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ti fi ọmọ fún ayé. Àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843. Ìjọ kò lè sọ ilé-ẹ̀kọ́ di ọ̀tá. Kí ó má sì ṣe kẹ́gàn ẹni tí ó yan ilé. Kí ó bẹ ìdílé bẹ́ẹ̀ wò, kí ó bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, kí ó rí ìwé wọn, kí ó sì rí i pé wọ́n ń bá àwọn ẹgbẹ́ wọn péjọ. Bí ó bá rí àmì ìyà lára ọmọ, kí ó má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ìjọ.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Yálà kíláàsì ni a ti kọ́ ọmọ tàbí yàrá ìjókòó, ọwọ́ òbí ni Olúwa yóò ti bèèrè rẹ̀.