Ìda Oyin ní Kúbà: Láti Àbẹ́là dé Oògùn Ọgbẹ́ Inú

Ìda ni ọjà kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń sin oyin ní Kúbà, kì í ṣe oyin lílá. Ní nǹkan bí ọdún 1764 ni àwọn ará Sípéènì tó ń kó kúrò ní Florida gbé oyin ilẹ̀ Yúróòpù wọ erékùṣù náà. Irú kékeré tí kì í tani wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìda tirẹ̀ dúdú. Ìda oyin ni ìjọ Kátólíìkì fi ń ṣe àbẹ́là orí pẹpẹ, nítorí náà ni ọkọ̀ ṣe ń kó o láti Havana lọ sí Mẹ́síkò. Ní ti oyin lílá, àwọn Lukumí, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, ń fi í bọ Ọ̀ṣun, tí wọ́n tún ń ké pè fún àìsàn abẹ́nú. Wọ́n á tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbé e síwájú òrìṣà, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Lẹ́yìn tí ìjọba Soviet, tó ń ran Kúbà lọ́wọ́, tú ká ní 1991, oògùn wọ́n gógó ní Kúbà, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà ti fi òfin dí ọ̀nà òwò wọn láti 1962. Ilé ìwádìí kan ní Havana, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965, ti yọ policosanol lára ìda ìrèké láti fi dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Wọ́n wá kọjú sí ìda oyin. Wọ́n yọ alcohol mẹ́fà níbẹ̀, irú tí kì í pani bí ọtí, wọ́n sì pe àkópọ̀ rẹ̀ ní D-002. Ní 1995 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ó dáàbò bo ikùn eku lọ́wọ́ ọgbẹ́. Abexol ni orúkọ rẹ̀ lọ́jà.

Púpọ̀ nínú oògùn ọgbẹ́ inú ń dín omi kíkan inú ikùn kù. D-002 kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe é sọ pé ohun tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, tó bo ògiri ikùn, ló ń mú pọ̀ sí i, tó sì ń mú dára sí i, kí omi kíkan má baà ráyè jẹ ẹran ara.

Ọ̀pọ̀ ìwádìí tó yìn ín ló ti ilé tó ṣe é jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí policosanol kò sì jẹ́ kí èyí ṣeé fojú fò: nígbà tí àwọn ará Jámánì dán an wò ní 2006, kò dín ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kù rárá. Yàtọ̀ sí èyí, kòkòrò Helicobacter pylori, tí Barry Marshall àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2005, ló ń fa ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú, oògùn apakòkòrò ni dókítà sì fi ń lé e. Ìda oyin kò lè dípò ìyẹn.