Ààrò Tí Ó Ṣeé Gbé Rìn: Ìtàn Omi Híhó Lójú Ọ̀nà ní Ìfọ̀, Mòwé àti Ìbafo

Bí àwọn òpìtàn bá ń kọ ìtàn ọ̀nà, ọba, ogun àti ọjà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣáájú. Ẹni tí ó to igi sábẹ́ ìkòkò kí arìnrìn-àjò tó rí omi gbígbóná lò kì í fara hàn nínú ìwé wọn. Síbẹ̀, kò sí ìrìn-àjò jíjìn kan tí kì í dúró de omi. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti tọpa ohun ìdáná tí ó ṣeé gbé rìn ní ìlú mẹ́ta ní Ìpínlẹ̀ Ògùn: Ìfọ̀, tí ojú irin sọ di oríta, àti Mòwé pẹ̀lú Ìbafo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, tí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn sọ di ìlú èrò. Èrò wa ni pé yíyan ohun ìdáná kékeré kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lásán. Ọ̀rọ̀ ìlera, owó àti ààbò ni.

Orí ààrò ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìmọ̀ wà nínú òwe yìí ju ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan tí a máa ń fi í sọ lọ. Ohun tí ó bá fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró kì í mì, bí ilẹ̀ tilẹ̀ rí gbágungbàgun, ṣùgbọ́n ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lè máa jó lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ sítóòfù kéékèèké tí a ń ṣe lóde òní fún àwọn tí ń sun inú igbó tàbí orí òkè fi ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ààrò tí ó ṣeé gbé kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Àdògán, tí a fi amọ̀ tàbí irin ṣe, tí a ń kó èédú sí, ṣeé gbé láti ẹ̀yìnkùlé dé ẹ̀bá ọjà. Èédú kì í rú èéfín bí igi, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó kú. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í tètè ràn, àti pé afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn ń jáde lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé e wọ yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lè sùn kí ó má jí mọ́.

Ìfọ̀ ni ojú irin kọ́kọ́ kàn nínú àwọn ìlú mẹ́ta yìí. Iṣẹ́ tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní ọdún 1896 kọjá Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ní Ìfọ̀ ni ẹ̀ka tí ó lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò ti yà, èyí tí ó sọ ìlú náà di ibi tí èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti wọ ọkọ̀ mìíràn. Bí a bá wò ó dáadáa, ọkọ̀ ojú irin ìgbà náà kò ju ìkòkò omi híhó ńlá kan lórí àgbá kẹ̀kẹ́ lọ: èédú ilẹ̀ ni ó ń jẹ, omi ni ó ń mu, ooru omi náà ni ó sì ń tì í lọ. Níbi tí èrò bá sì ti ń dúró de ọkọ̀, oúnjẹ àti omi gbígbóná kò gbọdọ̀ jìnnà.

Láàárín àkókò yìí kan náà ni ohun ìdáná mìíràn jáde ní ilẹ̀ Sweden. Ní ọdún 1892, Frans Wilhelm Lindqvist ṣe sítóòfù tí a mọ̀ sí Primus. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé a ó fi ọwọ́ fún afẹ́fẹ́ sínú ilé epo rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà yóò ti kẹrosíìnì gba inú ọ̀pá gbígbóná, epo náà yóò sì di oru kí ó tó gbiná. Iná rẹ̀ máa ń rí búlúù, kì í sì í sọ ìdí ìkòkò di dúdú. Irú rẹ̀ ni Roald Amundsen gbé lọ sí ìpẹ̀kun gúúsù ayé ní ọdún 1911. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, sítóòfù olówùú ni ó wá gbilẹ̀ jù, nítorí kò gba wàhálà fífún afẹ́fẹ́, ẹni tí kò lówó púpọ̀ náà sì lè ra kẹrosíìnì ní ìwọ̀n ìgò kan. Ṣùgbọ́n ewu wà nínú epo àdàlù. Bẹntiróòlù máa ń di oru nínú ooru ojoojúmọ́, kẹrosíìnì kì í yára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pò pọ̀, sítóòfù di àdó olóró. Ìbúgbàù tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Benin fi èyí hàn gbangba.

Òpópónà márosẹ̀ tí a ṣí ní ọdún 1978 ni ó yí ìtàn Mòwé àti Ìbafo padà. Ní ọdún 1983 ni Ìjọ Redeemed ra ilẹ̀ ìpàgọ́ rẹ̀ nítòsí Mòwé, àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn, Kristẹni àti Mùsùlùmí, náà sì wá ní ilẹ̀ lójú ọ̀nà yìí. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ilé sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, pàápàá ní oṣù Ògún àti oṣù Ọ̀pẹ. Ìyá ọlọ́mọ tí ó sùn sórí ẹní nílò omi gbígbóná fún oúnjẹ ọmọ, àgbàlagbà nílò rẹ̀ fún ìwẹ̀ òwúrọ̀, àwọn onítíì ẹ̀bá ọ̀nà sì nílò rẹ̀ fún òwò wọn.

Irú ohun tí wọ́n ń gbé lọ ni a ń pè ní kám̀pùgáàsì: sìlíńdà kékeré, kílò 3, 5 tàbí 6, tí ojú iná wà lórí rẹ̀ gan-an. Orúkọ náà rán wa létí Camping Gaz, ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1949. Ní ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ NLNG bẹ̀rẹ̀ sí í ta gáàsì ìdáná sí ọjà ilẹ̀ Nàìjíríà, gáàsì sì wá ń wọ ilé àwọn tí kẹrosíìnì nìkan ni wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí omi lítà kan tó kúrò ní ìwọ̀n ooru 27 dé 100, ó nílò agbára bíi kílójúùlù 305. Bí ìdajì ooru gáàsì bá wọ inú omi, nǹkan bíi gíráàmù 14 yóò tó, èyí tí ó fi hàn pé sìlíńdà kílò 3 lè hó omi tó lítà 200. Lórí ààrò mẹ́ta, tí atẹ́gùn ń gbé ọ̀pọ̀ ooru lọ, iṣẹ́ kan náà lè jẹ igi tó gíráàmù 150. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń yan sítóòfù kí ó kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀, bóyá ó fẹ̀, bóyá ìkòkò kò ní yẹ̀ lórí rẹ̀. Kí ó de ìkòkò, kí ó sì wá ohun tí yóò dí afẹ́fẹ́ ọyẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe yí sìlíńdà ká pátápátá, kí ooru má baà padà sí i lára. Kò nílò àdàlù gáàsì olówó ńlá tí a ṣe fún ilẹ̀ yìnyín, nítorí bíútéènì kì í kọ̀ láti di oru àyàfi bí òtútù bá sún mọ́ òdo, èyí tí kò sí ní Ògùn. Ìta gbangba sì ni kí ó ti lò ó, kì í ṣe inú àgọ́.

Kí ni ó wà nídìí gbogbo èyí? Omi tí kò mọ́ ni. Sòbìà, tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di arọ ní ilẹ̀ Yorùbá, ti kúrò ní Nàìjíríà, a sì fún orílẹ̀-èdè náà ní ìwé ẹ̀rí ní ọdún 2013. Àrùn onígbáméjì tí ó wọlé ní nǹkan bíi ọdún 1970 ṣì tún jà ní Èkó àti àyíká rẹ̀ ní ọdún 2024. Omi tí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan kì í fi kòkòrò méjèèjì sílẹ̀ láàyè. Níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá péjọ sí, tí kànga àti bọ̀hólù sì wà nítòsí ṣáláńgá, ìṣẹ́jú kan yẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ìtàn yìí kò wá fi hàn pé ohun tuntun máa ń lé ti àtijọ́ lọ. Ní Ìfọ̀, Mòwé àti Ìbafo lónìí, igi, èédú, kẹrosíìnì àti gáàsì ń jó pọ̀. Bí owó gáàsì bá gun òkè, àdògán a tún jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí omi mímọ́ tó gbogbo ènìyàn lójú ọ̀nà kò gbọdọ̀ wo ohun ìdáná nìkan. Kí ó wo owó epo pẹ̀lú, nítorí ẹni tí kò rí epo rà ni yóò mu omi tútù láìsè.