Òpó, Ọ̀wọ̀n, Píláà: Ọ̀rọ̀ Ìgbéró Lẹ́nu Àwọn Ará Oko Ìbàdàn

Nínú oko ẹ̀gẹ́ kan lọ́nà Akáńrán, ní Ọ̀nà-Àrà, èèyàn lè rí kọnkéré kékeré kan tó yọrí nínú ilẹ̀. Kò ga tó orúnkún, lẹ́tà àti nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, kò sì gbé ohunkóhun dúró. Síbẹ̀, píláà lorúkọ rẹ̀. Níbi tí bíríkìlà ti ń kọ́lé nítòsí, píláà náà ni wọ́n ń pe èyí tó ru gbogbo ẹrù òkè ilé.

Òpó ti wà kí píláà tó dé. Nínú ilé alámọ̀, ògiri fúnra rẹ̀ ló máa ń ru òrùlé. Iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yíká àgbàlá ni òpó ti ń ṣiṣẹ́, igi líle tí ikán kì í tètè jẹ. Orúkọ Òpómúléró sọ iṣẹ́ náà tán. Àwọn ọba sì fi òpó ṣe ọ̀ṣọ́. Olówè, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní nǹkan bí 1938, gbẹ́ òpó fún ààfin Ọ̀gọ̀gà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ọnà Art Institute of Chicago lónìí. Ọba jókòó nínú rẹ̀, olorì dúró lẹ́yìn, ó ga ju ọkọ rẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ wò ó dáadáa: orí obìnrin náà ni ẹrù òrùlé wà.

Àwọn ẹ̀sìn pẹ̀lú wá ọ̀rọ̀ tiwọn. Nínú Bíbélì Yorùbá, ọ̀wọ̀n ni ìkùùkuu àti iná tó ṣíwájú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, ọ̀wọ̀n náà sì ni Sámúsónì wó. Àwọn ààfáà ń sọ òpó Ìsìláàmù márùn-ún, àwọn mìíràn ní origun. Àwọn tó mú origun kò ṣìnà rárá, nítorí rukn tí Lárúbáwá ń lò níbẹ̀ jẹ́ igun ilé, ó sì tún jẹ́ ohun tí ilé gbára lé.

Ṣé igi ni òpó, kí kọnkéré jẹ́ píláà? Bẹ́ẹ̀ ni ó jọ lójú, àmọ́ òpó iná da ìlànà yẹn rú. Igi ni tẹ́lẹ̀. Ó di kọnkéré ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sì sẹ́ni tó pè é ní píláà iná. Ohun tí bíríkìlà ń pè ní píláà ni èyí tí wọ́n to irin sí nínú, tí wọ́n fi pákó ká mọ́, tí wọ́n sì da kọnkéré sí. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni àwọn ẹnjiníà fi ń díwọ̀n agbára kọnkéré bẹ́ẹ̀. Títí dẹ́kìn, kọnkéré òkè tí píláà náà máa rù, yóò fi gbẹ, ọparun lásán ló ń gbé e dúró nísàlẹ̀.

Ti ilẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù. Pèrègún làwọn baba ń gbìn sí ààlà, igi tí kì í tètè kú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé oko Ẹgbẹ́dá àti Lágelú tà ní pulọ́ọ̀tì, awọnlẹ̀ ri píláà kékeré bíi ti oko ẹ̀gẹ́ yẹn mọ́lẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú àwòrán ilẹ̀. Òfin lòdì sí híhú u. Ìwé atúmọ̀ èdè tó bá kọ òpó nìkan síwájú píláà kò ran àgbẹ̀ tó fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí lọ́wọ́, ó sì yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè tún un ṣe.

Yàtọ̀ sí pillar tó di píláà, Gẹ̀ẹ́sì tún ní support, tí orírun rẹ̀ ní Látìn jẹ́ kí a ru nǹkan láti abẹ́. Ẹ̀yìn ni Yorùbá gbé tirẹ̀ gbà: àtìlẹ́yìn. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá so, tí èso rẹ̀ wúwo tó sì ń tẹ̀, àgbẹ̀ á gé igi tó yà sí méjì lórí, á ri ìdí igi náà mọ́lẹ̀ dáadáa, á fi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà níbi tó ń tẹ̀ sí. Ó di ọjọ́ tí wọ́n bá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kí wọ́n tó yọ igi ọ̀hún, wọ́n á sì gbé e lọ sídìí òmíràn tó ń tẹ̀.